Àdùkẹ́, San Gbèsè Kílíkà Yẹn

Àdùkẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, fi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀ ná, kí o gbọ́ mi. Mo ti wo fídíò ṣìnṣílà tí o fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Àwọn ẹranko náà rẹwà, n kò ní tàn ọ́. Irun wọn ń dán, etí wọn fẹ̀, ojú wọn mọ́ roro. Gbogbo ilé ló ń pariwo pé ẹ wá wo eku òyìnbó Àdùkẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kò wo irun. Ọwọ́ rẹ ni mo ń wò, ohun tí ọwọ́ rẹ sì ń ṣe kò dùn mọ́ mi nínú rárá. Màmá rẹ ní kí n má bá ọ wí, wọ́n ní o ti dàgbà, o ti ń gbé ilé tìrẹ ní Leeds. Mo ní kò sí bí o ṣe dàgbà tó, n ó wí.

O mú kílíkà dání, o ń tẹ̀ ẹ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́ láìdáwọ́ dúró. Ẹranko yọjú láti inú àpótí rẹ̀, ó ń wo ojú rẹ, o kò fún un ní nǹkan kan. O tún tẹ̀ ẹ́. Ó padà wọlé, ìwọ na ọwọ́ tẹ̀ lé e, o gbá a mú. Irun rẹ̀ ṣí sí ọ lọ́wọ́ ní ìdì kan, o wá ń rẹ́rìn-ín, o ní irun rẹ̀ ń gbọ̀n dànù. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Irun tí ṣìnṣílà bá tú sílẹ̀ báyẹn, ẹ̀rù ló tú u. Lórí òkè tí ìran wọn ti ṣẹ̀, bí ẹyẹ tàbí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá gbá a mú, irun yẹn ni yóò fi sílẹ̀ fún un kí òun lè sá lọ. Ìwọ tó ń fún un lóúnjẹ, o ti di ẹni tó fẹ́ pa á jẹ lójú rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ, ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi.

O kà nípa kílíkà, o rà á, ṣùgbọ́n o kò kà á dé ìparí. Kílíkà kì í ṣe agogo tí a fi ń pe ẹranko, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí a fi ń bá a wí. Ìgbà tí ẹranko bá ṣe ohun tí o fẹ́ gan-an ni o ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré, oúnjẹ yóò sì tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Ohùn yẹn ń sọ fún un pé: eléyìí tí o ṣe yìí ni mo fẹ́, ẹ̀tọ́ rẹ ń bọ̀. Gbèsè ni, Àdùkẹ́. Gbogbo ìgbà tí o bá tẹ̀ ẹ́, o ti jẹ gbèsè, o sì gbọ́dọ̀ san án. Bí ọwọ́ rẹ bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ pàápàá, san án. Nínú fídíò yẹn, o jẹ gbèsè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, o kò san kọ́bọ̀.

Ṣé o ti gbàgbé àwọn adìyẹ ẹ̀yìnkùlé wa níbí ní Ìgèdè Èkìtì ni? Ìwọ fúnra rẹ lo máa ń mi igbá àgbàdo nígbà tí o bá wá lo họ́lídé lọ́dọ̀ mi. Igbá náà kò tíì dún tán tí wọ́n ti ń sáré bọ̀ láti abẹ́ igi ọsàn àti ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ohùn igbá ti bá àgbàdo rìn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn nìkan ti tó wọn. Ká ní igbá òfìfo lo ń mì fún wọn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò sí èyí tí yóò gbé orí sókè mọ́. Ohun tó wà nínú kílíkà nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí n tó fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, tí mo bá dé orí ẹ̀kọ́ yìí nínú kíláàsì, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Pavlov àti àwọn ajá rẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni B. F. Skinner ará Amẹ́ríkà, tó fi eku àti ẹyẹlé ṣe ìwádìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n jẹ́ tọkọtaya, Keller àti Marian Breland, ló kó ẹ̀kọ́ náà jáde kúrò ní yàrá ìwádìí ní àwọn ọdún 1940, tí wọ́n ń fi í kọ́ adìyẹ, ẹlẹ́dẹ̀ àti ajá. Nígbà tó yá, Karen Pryor fi kọ́ ẹranko òkun tí ń jẹ́ dọ́fìn ní Hawaii. Fèrè ni òun ń fun. Bí dọ́fìn bá fò sókè, kò sí bí o ṣe lè sọ ẹja sí i lẹ́nu lójú òfuurufú, ṣùgbọ́n ohùn fèrè lè bá a níbẹ̀, kí ẹja tó dé. Ìwé tí ó kọ ní 1984 ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn onílé tí wọ́n ń sin ajá àti ológbò. Nípasẹ̀ wọn ló fi dé ọwọ́ rẹ.

Àwọn yẹn ni o mọ̀. Ibi tí mo fẹ́ mú ọ lọ ni Morogoro, ní Tanzania.

Ará Bẹ́ljíọ̀mù kan, Bart Weetjens, tó ti ń sin eku láti kékeré, ló rò ó pé imú eku lè bá wa wá bọ́ǹbù tí àwọn ológun rì mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì fi sílẹ̀ síbẹ̀. Ó dá àjọ APOPO sílẹ̀ ní 1997. Ní 2000, iṣẹ́ náà kó lọ sí Morogoro, ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sokoine. Eku wo ni wọ́n sì yàn? Òkété! Ẹ̀yà tó wà ní ọ̀hún ni, ṣùgbọ́n ìbátan òkété wa gan-an ni, èyí tí àwọn ọdẹ ń dẹ pańpẹ́ fún nínú oko ọ̀pẹ láti ìhín dé Àwò. Ojú òkété kò ríran dáadáa, imú ló fi ń ṣe ohun gbogbo. Ó lè lo ọdún mẹ́jọ láyé bí a bá tọ́jú rẹ̀. Bó ti tóbi tó láàárín eku, kò wúwo tó ohun tí yóò mú bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ bú gbàmù.

Fara balẹ̀ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Ọmọ òkété kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ tí wọ́n ti ń gbé e káàkiri, kí ó mọ òórùn ènìyàn, kí ó gbọ́ ariwo ọkọ̀, kí ó fẹsẹ̀ tẹ koríko àti ilẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fa ìkankan yọ nínú ihò. Lẹ́yìn èyí ni kílíkà: kẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀; kẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà. Títí yóò fi di pé bó bá ti gbọ́ kẹ́, ó ti sáré wá gba tirẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé òórùn TNT, ẹ̀tù inú bọ́ǹbù, wá síwájú rẹ̀. Bó bá gbé imú lé e tó sì dúró, kẹ́, oúnjẹ. Bó bá dúró síbi tí kò yẹ, kò sí kẹ́, kò sí oúnjẹ, kò sì sí ẹni tó máa jágbe mọ́ ọn. Ẹ̀kọ́ yìí ń gba nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan, ìdánwò sì wà lópin rẹ̀. Òkété tó bá fo bọ́ǹbù nínú ìdánwò náà kò ní wọ pápá.

Nígbà tó bá wá wọ pápá, wọ́n á so ìjánu kékeré mọ́ ọn láyà, yóò máa lọ yóò máa bọ̀ lórí okùn láàárín ènìyàn méjì. Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó pápá tẹ́nìsì, ìdajì wákàtí ni òkété fi ń wò ó tán. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ tó ń wá irin dání lè fi ọjọ́ mẹ́rin wò ó, torí gbogbo ìṣó àti agolo ni ẹ̀rọ yẹn ń ké lé lórí, òkété kò sì bìkítà fún irin. Nítorí pé ẹranko òru ni, àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n fi ń mú un ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń fi ìpara pa etí àti ìrù rẹ̀ kí oòrùn má baà jó o. Ìpara fún etí òkété, Àdùkẹ́! Mo nífẹ̀ẹ́ àwọn ènìyàn yẹn nítorí ìpara yìí nìkan.

O ń gbé ní Gẹ̀ẹ́sì, ó yẹ kí o ti gbọ́ nípa Magawa. Tanzania ni wọ́n ti bí i ní 2013, wọ́n gbé e lọ sí Cambodia ní 2016. Bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ 71 ló rí níbẹ̀, pẹ̀lú ohun ìjà 38 mìíràn tí kò tíì bú. Ní oṣù Kẹsàn-án 2020, àjọ PDSA tó ń tọ́jú ẹranko ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ oníwúrà wọn. Eku kankan kò gbà á rí ṣáájú rẹ̀, ajá ló sábà máa ń gbà á. Ó fẹ̀yìn tì ní 2021, ó kú ní oṣù Kìíní 2022. Òmíràn tí ń jẹ́ Ronin ti kọjá rẹ̀ báyìí. Ìwé Guinness kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2025: bọ́ǹbù 109, ohun ìjà mìíràn 15. Ọpẹ́lọpẹ́ bíntín ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Cambodia fi ń rìn lọ sí oko láìpàdánù ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ ikọ́ fée tí APOPO tún ń ṣe ló jọ mí lójú jù. Òkété ń gbóòórùn kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àwọn aláìsàn. Ó lè wo kẹ̀lẹ̀bẹ̀ 100 láàárín ìṣẹ́jú 20, ó sì ń rí àrùn nínú èyí tí ilé ìwòsàn ti sọ pé kò ní nǹkan kan. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń sanwó fún un ni kí o kọ́. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀ dájú pé àrùn wà nínú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tẹ kílíkà lé lórí. Èyí tí kò bá dá wọn lójú, bí òkété dúró lé e lórí, wọn kò ní tẹ nǹkan kan. Wọn á mú un lọ yẹ̀ wò lọ́tọ̀. Kí ló fà á? Bí wọ́n bá sanwó fún un lórí ohun tí wọn kò mọ̀, wọ́n lè máa kọ́ ọ ní irọ́. Ìwọ ńkọ́? O tẹ kílíkà nígbà tó ń jẹ irin àgò, o tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń họ ara, o tẹ̀ ẹ́ nígbà tó yí ẹ̀yìn sí ọ. Kí lo fẹ́ kó kọ́ nínú ìyẹn?

Àwọn bàbá wa sọ pé òkété bá Ifá mulẹ̀, ó sì dalẹ̀. Orúkọ burúkú yẹn ti lẹ̀ mọ́ ọn lára títí dòní. Ṣùgbọ́n ní Morogoro, òkété ń pa májẹ̀mú mọ́, ènìyàn tó bá a dá a náà ń pa tirẹ̀ mọ́. Nínú yàrá rẹ ní Leeds, ìwọ lò ń dalẹ̀.

Má sì rò pé Tanzania nìkan ló rí nǹkan kan lára òkété. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní àwọn ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n S. S. Ajayi sin òkété nínú àgò, ó ṣàkọsílẹ̀ bó ṣe ń jẹun àti bó ṣe ń bímọ. Ìwé rẹ̀ lórí sísọ òkété di ẹran ọ̀sìn jáde ní 1975. Ẹran fún ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n ń rò, ohun tó dára ni, torí igbó ń tán. Ó kàn ń dùn mí pé kò sí ẹni tó bi òkété wa nígbà náà pé kí ni imú rẹ̀ mọ̀. Ikọ́ fée ṣì ń pa ènìyàn ní ilẹ̀ yìí.

Ó yá, jẹ́ ká wá sórí àwọn méjì tìrẹ. O ṣe ohun rere kan, n ó yìn ọ́: o ra méjì, o kò ra ẹyọ kan, torí ẹranko tó ń gbé lẹ́gbẹ́ lẹ́gbẹ́ ni. Àgò tí o rà náà ga, wọ́n rí ibi fò. Ilé wọn gan-an ni àwọn òkè Andes ní Chile, níbi tó tutù tó sì gbẹ. Ihò irun kan ṣoṣo lára wọn, nǹkan bí 60 irun ló ń yọ nínú rẹ̀. Irun yìí ló kó bá wọn: wọ́n pa wọ́n fún ẹ̀wù olówó títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ní 1923, Mathias Chapman, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ìwakùsà ní Chile, kó 11 lọ sí California láti máa sìn wọ́n. Díẹ̀ ló ṣẹ́ kù nínú igbó. Ìjọba Chile ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún wọn nítòsí Illapel ní 1983. Irú ẹranko tó wà lọ́wọ́ rẹ nìyẹn. Ó lè bá ọ gbé ju ọdún mẹ́wàá lọ, nítorí náà má ṣe kánjú.

Ọ̀sán gangan ni o ya fídíò yẹn. Mo rí oòrùn lójú fèrèsé. Oorun ló yẹ kí wọ́n máa sùn nígbà náà! Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jí, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni kí o kọ́ wọn, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún péré, kí o sì dáwọ́ dúró nígbà tó ṣì ń wù wọ́n. Ohùn kílíkà yẹn náà pọ̀ jù. Etí ṣìnṣílà mú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fi ń lò ó láti ṣèwádìí bí ènìyàn ṣe ń gbọ́ràn. Fi áńkáṣífì wé e nínú àpò rẹ, tàbí kí o lo bírò tó ń ṣe kẹ́ lọ́wọ́.

Oúnjẹ tí o ń fún wọn wá ńkọ́? Bísíkíìtì, Àdùkẹ́? Àti èso àjàrà gbígbẹ ní ẹ̀kúnwọ́? Koríko gbígbẹ ni oúnjẹ wọn, torí eyín wọn kò dáwọ́ ìdàgbà dúró títí ayé, jíjẹ koríko ló ń bá wọn yún un. Ṣúgà ń ba inú wọn jẹ́. Ohun tí o ó fi san gbèsè, kí ó jẹ́ wóró oótì kan ṣoṣo, tàbí ẹyọ kan nínú oúnjẹ wóró-wóró tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́. Ohun kékeré ti tó, bó bá ṣáà dé lásìkò. Kí o má sì jẹ́ kí n gbọ́ pé o tún fi omi wẹ̀ wọ́n o. Eérú òkè ayọnáyèéfín ni wọ́n ń yí, omi máa ń há sínú irun wọn ni.

Ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, má béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Kẹ́, oótì, kẹ́, oótì. Nígbà tí ohùn náà bá ti yé wọn, mú igi kékeré kan, gbé orí rẹ̀ sítòsí imú wọn. Bí imú bá kan igi, kẹ́, san án. Díẹ̀díẹ̀ ni igi náà yóò fi di ohun tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Èmi kò fẹ́ kí o fi kọ́ wọn níjó fún TikTok. Ohun tí mo fẹ́ kí o fi igi yẹn mú wọn dé ni orí òṣùwọ̀n, kí wọ́n dúró fúnra wọn láìsí pé o fọwọ́ kàn wọ́n. Ṣìnṣílà máa ń fi àìsàn pamọ́, kì í ké, kì í ráhùn. Bí ìwọ̀n rẹ̀ ṣe ń já wálẹ̀ ni o ó fi tètè mọ̀. Máa wọ̀n wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí o sì kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ́ wọn láti wọ àpótí tí o fi ń gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ọjọ́ tí ara ọ̀kan kò bá yá, kò ní sí pé o ń lé e kiri yàrá, irun á sì dúró sára rẹ̀.

Èyí ló wá mú mi dé orí ọ̀rọ̀ tí o sọ gbẹ̀yìn, pé o ó kó wọn wá sílé fún wa ní Disẹ́mbà. Rárá o. Mo mọ ohun tí o ń rò, o ń rò pé ọyẹ́ á ti dé. Lóòótọ́ ni ọyẹ́ ń mú ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n kí aago méjì ọ̀sán tó lù, oòrùn Èkìtì ti kọjá ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ibi tó bá ti ju 26 lọ, ṣìnṣílà ti wà nínú ewu. Kò lè làágùn, ẹ̀wù onírun yẹn sì wà lọ́rùn rẹ̀, kò ṣeé bọ́. Ṣé iná ìjọba ni o fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé fún ẹ̀rọ amúlétutù? Àwọn dókítà ẹranko ní Adó mọ ewúrẹ́, wọ́n mọ ajá, wọ́n mọ adìyẹ, kò sí ẹni tó ń gbé ṣìnṣílà wá bá wọn. Ibà Lassa náà ti kọ́ gbogbo wa láti Ọ̀wọ̀ títí dé ìhín láti sá fún ohunkóhun tó bá jọ eku, àwọn aládùúgbò kò ní fi ojú rere wò wọ́n.

Wá ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn ní Leeds, kí o sì pe ẹni náà wá báyìí kí ó máa tẹ kílíkà kí ó máa san án, kí wọ́n ti mọ òórùn rẹ̀ kí o tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Bí ọwọ́ rẹ bá ń yún ọ láti kọ́ ẹranko nígbà tí o bá délé, ẹmọ́ òyìnbó mi wà nínú àgò ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì fẹ́ràn koríko ju bí o ṣe rò lọ. Mú kílíkà rẹ dání, mo fẹ́ lò ó.

Lọ ra òṣùwọ̀n lọ́la. Kó bísíkíìtì yẹn kúrò nílẹ̀ lónìí. Ìwọ nìkan ni kí o wá ní Disẹ́mbà, Àdùkẹ́. Ṣìnṣílà kankan kò gbọdọ̀ wọ Ìgèdè.